Ọkọ̀ Tí Kò Dún Mọ́

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ní Òde Rẹ́mọ ń sọ pé ọ̀lẹ ni Mákánjúọlá mẹkáníìkì, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kàn ń fara balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni, ohun tí mo sì fi ń bá a jà nìyẹn. Èmi Sàdíátù, tí gbogbo Sábó ní Ṣàgámù ń pè ní Ìyá Lìádì, rọ́bà ọkọ̀ ni mò ń tà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló mú mi wá sí Rẹ́mọ. Ọkọ kú, èmi dúró ti rọ́bà mi. Nínú gbogbo mẹkáníìkì tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, Mákánjúọlá nìkan ló máa ń mú rọ́bà, tó máa fi ìka tẹ̀ ẹ́, tó máa gbóòórùn rẹ̀, tó tún máa gbé e sójú oòrùn wò. Màá ní, "Ọ̀gá Mákánjú, ṣé ẹ fẹ́ fi ṣaya ni àbí ẹ fẹ́ rà á?" Á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ìyá Lìádì, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Gbólóhùn yẹn! Ẹ fi sọ́wọ́ kan ná, mò ń padà bọ̀ wá bá a.

Ẹ̀pẹ́ ni ìlú rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ tiwa ní Ṣàgámù o, kì í ṣe ti Èkó. Olóbì ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń jókòó ti agbọ̀n obì, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀. Bàbá fẹ́ kó gba òwò náà, ọmọ ní ọkọ̀ ló wu òun. Wọ́n jà, wọ́n parí ìjà, ṣùgbọ́n ọwọ́ olóbì kò kúrò lára rẹ̀ títí dòní. Bó ṣe ń yẹ obì wò ló ṣe ń yẹ irin wò. Bí nọ́ọ̀tì kan bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn títí tó fi máa rí i, oníbàárà ì báà máa pòṣé. Àmọ́ ọkọ̀ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ẹ ò ní tètè rí i lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kankan mọ́.

Ọkọ̀ kan wà lágbàlá rẹ̀ ní Òde Rẹ́mọ tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ilé ni, ọkọ̀ náà sì ni. Dọ́kítà òyìnbó kan tó wá bá ìjọ Sẹ́fẹ́ńtì-Dé ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un ló gbé e wá láti ìlú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, kọ́bọ́ọ̀dù wà, fèrèsé rẹ̀ ní kọ́tìnnì. Inú rẹ̀ ni òyìnbó ń sùn, inú rẹ̀ náà ló ti ń fún àwọn ará abúlé lábẹ́rẹ́, Mákánjúọlá sì ni awakọ̀ àti mẹkáníìkì rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti di ọmọ ìjọ wọn. Àwọn ọmọdé sọ ọkọ̀ náà ní Ilé-ń-rìn. Nígbà tí òyìnbó ń padà lọ pátápátá, ó fi í ta Mákánjúọlá lọ́rẹ.

Ilé-ń-rìn yìí ló fún un níyàwó. Wọ́n lọ sí Likosi lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, wọ́n sì gbé tábìlì oògùn kalẹ̀. Morónkẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wá, Ojúọlá lórúkọ wọn, a ń pè wọ́n ní Ìyá Ojúọlá, ojú ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Òyìnbó kò rí ojú yẹn wò sàn, ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n awakọ̀ rí ìyàwó fẹ́. Morónkẹ́! Ẹ̀rín obìnrin yẹn máa ń dé ojú títì kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde. Téèyàn bá gbọ́ ọ, òun náà á máa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n sọ. Ọlọ́run kò fi ọmọ jíǹkí wọn. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan nínú wọn fi ṣe ẹ̀sùn kan èkejì.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, abẹ́ Ilé-ń-rìn ti ń dún. Gbàgà-gbàgà, gbàgà-gbàgà, nínú kòtò kékeré, nínú kòtò ńlá. Ojú Ìyá Ojúọlá ti fọ́ tán nígbà náà, ṣùgbọ́n etí wọn mú. Bí wọ́n bá ti gbọ́ gbàgà-gbàgà láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, wọ́n á ní, "Àna mi ti ń bọ̀," wọ́n á sì gbé iṣu kaná. Morónkẹ́ ló máa ń sọ ọ́ fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní kí àwọn tó dúró síwájú ilé, omi á ti máa hó lórí iṣu. Ó ní tí ọkọ òun bá tún abẹ́ ọkọ̀ yẹn ṣe, ebi ló máa pa àwọn ní Likosi. Ìdí nìyẹn tí Mákánjúọlá, tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, ṣe fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún 1997 ni gbogbo rẹ̀ dojú rú. Jẹjẹrẹ ti mú Morónkẹ́ lọ́mú tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé e, a rò pé ó tán. Kò tán. Ó wọ eegun ẹ̀yìn, ó wọ ìbàdí. Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé, pé ká máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Obìnrin tó ń fi ẹ̀rín jí àdúgbò wá di ẹni tí wọn kò lè fi ọwọ́ kàn kó má ké.

Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: ó fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò lọ gbé ìyá wá? Èmi náà bi í bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ fi ohùn líle bi í. Ó wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ìyá Lìádì, ṣé ìyá ló ń wá kí ọmọ ni? Bí ẹ bá ránṣẹ́ sí afọ́jú arúgbó pé kó wá wo ọmọ rẹ̀, ẹ ti sọ fún un nìyẹn." Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn ríro ni wọ́n sọ fún Ìyá Ojúọlá pé ó ń ṣe ọmọ wọn. Ó ní, "Ojú wọn kò ríran. Wọn ò ní rí i pé mo ti gbẹ. N ó dùbúlẹ̀ sínú Ilé-ń-rìn, wọ́n á wọlé wá jókòó tì mí, n ó máa rẹ́rìn-ín fún wọn. Wọ́n á gbọ́ ẹ̀rín mi, wọ́n á di ọwọ́ mi mú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù ú kó ṣẹlẹ̀." Ìgbà tó sọ ọ́ tán, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín kó lè fi hàn mí pé ó ṣì lè ṣe é. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ da omi nù.

Nǹkan mìíràn tún wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu sọ. Tó bá kú, ìyá rẹ̀ kò ní rí i mọ́ láéláé. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ; ìyá kì í dúró lórí sàréè ọmọ rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ ní jẹ́ kó fọwọ́ kan òkú rẹ̀. Ìgbà tó ṣì wà láàyè nìkan ni wọ́n lè rí ara wọn.

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì Ilé-ń-rìn, Mákánjúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ jẹ́jẹ́. Wọn ò tíì jáde ládùúgbò tí ọkọ̀ fi bọ́ sí kòtò kan. Gbàgà! Igbe tí Morónkẹ́ ké, àwọn ènìyàn jáde nílé. Mákánjúọlá dá ọkọ̀ dúró sáàárín ọ̀nà, ó sọ orí lé sítíàrì. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ padà sílé, ó ń yọ́ ọ rìn, omi ń dà lójú òun náà.

Ọjọ́ kejì ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé nǹkan kan lé orí tábìlì mi: rọ́bà dúdú kan tó ti ya, tó ti gbẹ, tí ihò àárín rẹ̀ ti fẹ̀ bí ẹnu arúgbó. Bọ́ọ̀ṣì ni. Ibi tí irin bá ti so mọ́ irin lábẹ́ ọkọ̀, bọ́ọ̀ṣì ló máa ń wà láàárín wọn kí wọ́n má baà máa kan ara wọn. Tó bá ti jẹ tán, irin á máa na irin, ẹni tó wà lókè ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀ṣì Ilé-ń-rìn ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Lìádì, ẹ bá mi wá a." Kò fi ìka tẹ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kò tiẹ̀ wo rọ́bà tó wà lórí igbá mi.

Mo wá a dé Èkó. Kò sí. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní irú rẹ̀, ta ni yóò kó bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá tà? Ìgbà tó yá mo rántí rọ́bà ìdí ẹ́ńjìn tírélà tí mo ní nílẹ̀, ó ki, ó sì yi. Mo gbé e lọ bá Yésúfù tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní Ẹ̀pẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ bọ́ọ̀ṣì láti ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn èyí tó ti jẹ kó lè mọ bí tuntun ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Mákánjúọlá gbé ọkọ̀ sórí jáàkì àti ìtì igi níwájú fèrèsé Morónkẹ́ gan-an, kó lè máa rí òun. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń yà síbẹ̀ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Á fi iná jó èyí tó ti gbó jáde, á fi irin àti òòlù lu ìyókù jáde, á há ojú ihò náà mọ́ títí á fi máa dán. Omi ọṣẹ ló ń fi pa bọ́ọ̀ṣì tuntun kó lè yọ̀ wọlé. Mo ní kó fi gíríìsì sí i kó lè yá, ó ní rárá, gíríìsì máa ń jẹ rọ́bà. Á wá fi bóòtù gígùn kan fà á wọlé, díẹ̀, díẹ̀. Inú ń bí mi! Mo ní, "Ọ̀gá Mákánjú, ẹ yára! Àìsàn yìí ò dúró de ẹnikẹ́ni o!" Ó tún sọ gbólóhùn rẹ̀ yẹn láti abẹ́ ọkọ̀. Morónkẹ́ sì nahùn láti ojú fèrèsé, "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Lìádì. Orogún mi ló ń tọ́jú. Àtàárọ̀ ló ti wà lábẹ́ rẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà rẹ Morónkẹ́, ó di ẹ̀gbẹ́ mú.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni iṣẹ́ yẹ kó parí. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n dé Likosi kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n lo ọjọ́ Ìsinmi wọn lọ́dọ̀ ìyá. Bí oòrùn Jímọ̀ bá ti wọ̀ ni Ìsinmi ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀, wọn kì í ṣiṣẹ́ kankan mọ́ títí oòrùn Sátidé á fi wọ̀. Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìkòròdú ti bá wọn jẹ́ iṣẹ́ fún Ìyá Ojúọlá pé ọmọ ń bọ̀. Morónkẹ́ ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bùbá aláwọ̀ osùn fún un. Bọ́ọ̀ṣì tó gbẹ̀yìn ni Mákánjúọlá ń fà wọlé nígbà tó là sí méjì lójú wa. Kí ni ká ti ṣe? Mo gun ọ̀kadà lọ bá Yésúfù, ó ń múra àtilọ kí ìrun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, mo ní kó dákun, kó gbẹ́ òmíràn. Ọlọ́run san án fún un, ó bọ́ agbádá, ó gbẹ́ ẹ. Ìgbà tí mo fi gbé e dé, ojú ọ̀run ti ń pọ́n.

Mákánjúọlá fà á wọlé. Ó yọ jáàkì, ọkọ̀ délẹ̀. Ó wá ku kó fún àwọn nọ́ọ̀tì pa. Mo ní kí ló dé tí kò fún wọn tẹ́lẹ̀ nígbà tó wà lókè. Ó ní a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Lórí jáàkì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀, tí èèyàn bá fún bọ́ọ̀ṣì pa níbẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, rọ́bà á lọ́, á sì ya. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kó ru ẹrù tó máa rù, kó jókòó dáadáa, kí wọ́n tó fún un. Ó mú sípánà. Ó wo ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ti wọ̀.

Ó gbé sípánà sílẹ̀.

Mo pariwo. Mi ò purọ́ fún yín, mo pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì jáde. Mo ní, "Ẹ ò ní ṣe kí ni? Nọ́ọ̀tì lásán! Ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mu ẹ̀kọ tútù! Èmi náà ń sìn Ọlọ́run, mo ti jẹ́ kí Yésúfù pẹ́ dé ibi ìrun torí yín!" Ó wo sípánà, ó wo ojú fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún mú sípánà náà nílẹ̀. Morónkẹ́ ló sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, olówó orí mi. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, a ò ṣe é rí. Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí Ìyá pé ó di Sọ́ńdè." Mákánjúọlá wò ó títí. Ó fi sípánà sí abẹ́ ọkọ̀, ó wọlé lọ wẹ̀. Èmi fi ìbínú lọ sílé mi láìkí ẹnikẹ́ni ó dìgbóṣe.

Ọ̀sán Sátidé ni Morónkẹ́ kú. Oòrùn ṣì wà lókè.

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé Mákánjúọlá kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń ka Bíbélì fún un, ó ń fi omi ra ètè rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kú sí. Mo gbọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi láàárín rọ́bà. Mo ń sunkún, mo sì ń bínú. Mo ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú náà ti bàjẹ́, kó wá tún un sọ fún mi. Mo bínú sí nọ́ọ̀tì, mo bínú sí oòrùn.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, Bàbá Fábíyìí dé láti Likosi. Àbúrò bàbá Morónkẹ́ ni wọ́n, àwọn ni olórí ẹbí. Wọ́n sin ọmọ wọn sí Òde Rẹ́mọ, wọ́n sì kó gbogbo wa jọ. Wọ́n ní, "Ojúọlá kò gbọdọ̀ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ọmọ wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó sinmi. Tó bá yá, àwa àgbà á mọ bí a ó ṣe gbé e kalẹ̀ fún un." Kò sí ẹni tó jiyàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lẹ́ẹ̀kan náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbé oúnjẹ lọ fún Mákánjúọlá. Mi ò bá a nínú ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí lábẹ́ Ilé-ń-rìn.

Mo ní, "Ta lẹ tún fẹ́ gbé?"

Ó yọ orí síta. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "A ní à ń bọ̀, Ìyá Lìádì. A ò tún ránṣẹ́ mọ́, láti ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti ń retí wa. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀ lónìí náà."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

"Mi ò mọ̀." Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kí ọkọ̀ lè ru nǹkan. Mo fẹ́ fún nọ́ọ̀tì."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gorí bẹ́ẹ̀dì. Èmi obìnrin sísanra yìí, mo wúwo ju Morónkẹ́ ìgbẹ̀yìn yẹn lọ lọ́nà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀dì náà ti wà ní títẹ́ láti ọjọ́ Jímọ̀, ìrọ̀rí tí wọ́n rán ọ̀já sí létí, ìbora tó ń rùn bíi kàǹfọ̀. Mò ń gbọ́ sípánà lábẹ́ mi, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti tán. Mo bá a lọ.

A gba Ṣàgámù kọjá, a bọ́ sí ọ̀nà Ìkòròdú. Ẹ̀yin náà mọ kòtò tó wà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Mo di irin mú, mò ń retí gbàgà, gbàgà kò wá. Ọkọ̀ kàn ń mì lọ mì bọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ jó.  Mo ti to ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yẹn sẹ́nu bí Bàbá Fábíyìí ṣe kọ́ wa, torí mo mọ̀ pé Mákánjúọlá kò lè pa irọ́.

Ìyá Ojúọlá wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wọn, wọ́n kọjú sí títì. Wọ́n ti wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀. Abọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iṣu tí wọ́n ti bẹ wà nínú omi. Ìkòkò wà lórí àdògán, igi iná wà lábẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì dá a. Mákánjúọlá gbé ọkọ̀ wọlé títí dé iwájú wọn, ó pa á. Ìyá Ojúọlá kò mira. Ọkọ̀ ń kọjá lójú títì lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ẹ́ńjìn, bákan náà ni létí wọn. Gbàgà-gbàgà yẹn ni wọ́n ń retí. Wọ́n ṣì kọjú sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà.

Mákánjúọlá dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ilé, Ìyá."

Wọ́n ta gìrì. Rẹ́mọ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ẹnu tèmi kò lè sọ ọ́ bó ṣe dùn tó. Wọ́n ní, "Mákánjú? Kí lo gbé wá?"

"Ilé-ń-rìn ni, Ìyá."

"Irọ́. Mi ò gbọ́ ọ."

"Mo ti pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kò dún mọ́."

Wọ́n ní, "Nítorí ẹ̀yìn Morónkẹ́ lo ṣe pààrọ̀ rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O ṣé, ọmọ mi. Ó ń sùn nínú rẹ̀ ni? Ẹ má jí i o. N ó lọ bá a níbẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹnu mi yìí, tó ń bá gbogbo mẹkáníìkì Sábó jà láti àárọ̀ dalẹ́, kò pa irọ́ ilé ìwòsàn yẹn.  Ìyá Ojúọlá na ọwọ́, Mákánjúọlá sì dìde, ó mú wọn lọ́wọ́, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn ọkọ̀. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ara ògiri lọ, wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ wọn wá ẹsẹ̀ ọmọ wọn lórí ìbora, kò rí i. Ó lọ sókè, ó wá orí, ìrọ̀rí ló kàn. Wọ́n tún padà sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó.

Mò ń retí igbe. Wọn ò ké.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni?"

Mákánjúọlá ní, "Sátidé, Ìyá."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Èmi ni. Ọwọ́ mi ló wà."

"Ṣé wọ́n ti sin ín?"

"Lánàá." Ó wá bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó ní, "Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Nọ́ọ̀tì ló kù. Nọ́ọ̀tì nìkan ló kù."

Ìyá Ojúọlá gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọn ò bi í léèrè nọ́ọ̀tì wo. Omi ń dà lójú wọn tó fọ́ yẹn, wọn ò nù ún. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Fábíyìí ló ní kí ẹ má sọ fún mi."

Èmi ni mo dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó ti dàgbà, ó ń ṣe é bó ṣe yẹ. Tó bá wá ní ọmọ mi wà ní ilé ìwòsàn, n ó ní kí Ọlọ́run wò ó sàn. Ọjọ́ tó bá tó o láti sọ ọ́, n ó ké fún un."

Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n fi ìbora náà bo ara wọn dé àyà. Wọ́n ní, "Mákánjú, wà á. Bó o ṣe fẹ́ wà á fún un ni kó o ṣe wà á fún mi, kí n mọ bí ì bá ṣe rí."

Mákánjúọlá nu ojú, ó lọ síwájú, ó ṣáná sí ọkọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo di ẹsẹ̀ arúgbó náà mú. Ó wa ọkọ̀ jáde sí títì, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Kòtò ńlá kan wà níbi tí ọjà Likosi ti bẹ̀rẹ̀, mo ti rí i láti òkèèrè, mo di eyín pọ̀. Ọkọ̀ wọ inú rẹ̀, ó jáde. Kò sí ohun tó dún.

Ìyá Ojúọlá ní, "Kì bá tí dùn ún."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, pẹ̀lú ohùn báyìí, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn. Mákánjúọlá yí ọkọ̀ padà nígbà tí ilé tán, ó gba ọ̀nà tí a gbà wá. Ìgbà tó dé iwájú ilé, kò yà. Ó kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, ó tún yí padà. Ìyá Ojúọlá kò ní kó dúró.